Ẹ Má Kí Ẹni Tó Wà Nídìí Ayùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò ní kí yín lókè ìwé yìí. Ẹni tó bá rí i pé ọmọ kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ tí kò sí ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, tí kò sí ṣé àlàáfíà ni, yóò ní wọn ò kọ́ mi nílé rárá. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé wa gan-an nìyẹn. Ìkíni ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro tẹnu mi tán.

Mo ti padà sí Ìwó. Yunifásítì tó wà nílùú wa yìí ni mo ti ń ṣe ìwádìí báyìí. Tí ará àdúgbò bá bi mí pé kí ni mò ń kọ́, mo máa ń sọ pé ìlera àti ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ni, àti ìdí tí èèyàn fi ń hu irú ìwà tó ń hù lẹ́nu iṣẹ́. Màámi gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé ò ń wo àwọn ẹni ẹlẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwọ ò wá ṣe tìẹ?" Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Mo máa ń gun ọ̀kadà láàárọ̀ lọ jókòó sí ilé búrẹ́dì, lọ jókòó sí ẹbu tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa ní Kúta, lọ jókòó ti àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ní Ilé-Ogbó títí ojú yóò fi máa ta mí. Àwọn míì ti ń pè mí ní ìyàwó iléeṣẹ́.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ gbé lọ bá wọn, asán ló já sí. Mo ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti fara pa níbi iṣẹ́ rí. Gbogbo wọn ló ń ní, "Alihamudulilahi, kò séwu." Ọkùnrin kan tí àpá iná ti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó tún rẹ́rìn-ín. Ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi sí ibi tó ti ń jẹun? Ìgbà tí mo wá yí i padà, tí mo ní, "Ewu wo ni Ọlọ́run ti kó yín yọ rí?", háà, Bàbá, ẹnu ò dákẹ́ mọ́. Ẹni tó ti ń lé mi lọ tẹ́lẹ̀ ló tún ń fà mí láṣọ pé kí n jókòó, òun ò tíì sọ èkejì.

Inú ọ̀rọ̀ wọn ni mo ti bá yín pàdé. Obìnrin kan ní ẹbu sọ pé òun ń ro epo gbígbóná lọ́wọ́ nígbà tí ìyá ọkọ òun yọ lọ́ọ̀ọ́kán, òun sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ láti kí wọn, bí epo ṣe dà sí òun lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin kan ní ilé búrẹ́dì ń ti ìyẹ̀fun pípò sẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí Lemọ́mù wọlé. Ó yíjú láti kí wọn, ẹ̀rọ fà á láṣọ. Ọlọ́run ló ní kí aṣọ náà ti gbó, ó ya, ó sì fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ irú rẹ̀ lọ́tùn-ún, mo gbọ́ ọ lósì. Kò sí aláìgbọràn nínú wọn, kò sí ọ̀lẹ. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gba ẹ̀kọ́ ni wọ́n.

Ọ̀gá mi, obìnrin tó ń tọ́ mi sọ́nà lórí ìwádìí náà, ti kìlọ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí n má máa wá ẹni tó jẹ̀bi kiri. Wọ́n ní kí n máa wá ohun tó mú kí nǹkan náà dára lójú ẹni tó ṣe é, lásìkò tó ń ṣe é. Ìgbà tí mo kó ohun tí mo gbọ́ wá fún wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Ẹni tó mọ ìwà hù jù ló ń fara gbá a." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ní ọkùnrin kan wà tó ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà kí wọ́n tó bí mi, nínú ilé rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé tíì tí wọ́n bù fún mi, ó tutù síbẹ̀.

Bàbá, ṣé ẹ rántí bí sọ́míìlì yín ṣe máa ń rí? Èmi rántí. Gẹdú á tò jọ lọ́tùn-ún, pákó tuntun á tò jọ lósì, òórùn igi tútù á gba gbogbo ojú ọ̀nà. Lẹ́nu géètì ni bẹ́ǹṣì kan wà, orí rẹ̀ ni Bàbá Lámídì máa ń jókòó sí, àwọn tó jẹ́ pé àtàǹpàkò nìkan ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Ẹni yòówù kó dé, wọ́n á na ọwọ́ yẹn, wọ́n á ní, "Ẹ dúró. Ayùn ń ṣiṣẹ́." Wọn ò mọ olówó, wọn ò mọ olóyè. Ẹni tó wà nídìí ayùn nínú lọ́hùn-ún kò sì ní gbójú sókè bó ti wù kó gbọ́ ohùn tó. Ẹ̀yin lẹ fi kọ́ wọn pé ẹni tó bá ń lagi, igi ni kó máa kí.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ín gan-an, ẹnu géètì lẹ máa ń dúró sí. Mo rí yín nínú oòrùn lẹ́nu ilé iṣẹ́ yín, fìlà yín wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ ń dúró kí ayùn dákẹ́. Tó bá dákẹ́ tán, ẹ ó wọlé, ẹ ó sì máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ wọn mú, ẹ ó yí i síwá, ẹ ó yí i sẹ́yìn. Gbogbo ayé gbà pé ìfẹ́ lẹ fi ń ṣe é, ìfẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ní báyìí mo ti mọ̀ pé ìka wọn lẹ ń wò.

Ìlú ò gbà á bẹ́ẹ̀. "Bàbá Má-kí-mi" ni wọ́n ń pè yín. Ẹ̀gbọ́n Màámi wá ra pákó nígbà kan, Bàbá Lámídì dá wọn dúró, wọ́n sì bínú padà sílé. Gbogbo oṣù ààwẹ̀ ọdún yẹn, wọn ò tẹsẹ̀ bọ ilé wa. Ẹ wọ agbádá, ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn níwájú àwọn ọmọ wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ẹ dé sílé, ẹ ò sì yí òfin yẹn padà. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé nínú àdúgbò, ewúrẹ́ nìkan lẹ kì í kí! Tí ẹ bá ń lọ kírun, ẹ̀yin lẹ máa ń wọ mọ́ṣáláṣí kẹ́yìn nítorí ẹni tí ẹ ń kí lójú ọ̀nà. Báwo lẹ ṣe rí i gbà mọ́ra pé kí wọ́n máa pè yín ní agbéraga, kí ẹ má sì ṣàlàyé?

Mo bi yín léèrè rí. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ bu gúgúrú fún mi, lẹ́búlẹ́bú pákó wà nínú rẹ̀ bó ṣe máa ń wà, ẹ ní ṣé mo ti jẹun. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá kan ibi tí ẹ ò fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún mi nígbà tí mo bèèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ kì í wọ funfun lọ́jọ́ Iléyá.

Nǹkan tó mú mi jókòó kọ ìwé yìí nìyí. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ẹbí ta sọ́míìlì náà fún Àlájì kan tó ń ta símẹ́ǹtì. Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Wọ́n tún òrùlé kàn, wọ́n ra ìbọ̀wọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n gbé pátákó ńlá sí ẹnu géètì, wọ́n kọ òyìnbó sí i pé ààbò ló ṣíwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ bẹ́ǹṣì kúrò kí pátákó lè ráyè dúró. Wọ́n ní kí Bàbá Lámídì máa lọ sinmi nílé. Wọ́n ní ta ló ń fi àgbàlagbà ṣọ́ géètì tí kì í tì.

Kò pẹ́ sí i ni Àlájì mú àwọn àlejò wọn wọ inú sọ́míìlì nígbà tí ayùn ń ṣiṣẹ́. Ràsákì ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ mọ Ràsákì, ọmọ iṣẹ́ tí ẹ kọ́ kẹ́yìn, ó ti ní irùngbọ̀n báyìí, ó sì ti di baba ọlọ́mọ. Àlájì kí i, kò dáhùn. Wọ́n tún kí i, kò gbójú sókè. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí igi tán lẹ́nu ayùn tí Ràsákì fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Àlájì ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó máa lọ sílé, ìgbà tó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ni kó padà wá.

Ọ̀dọ̀ mi ni Ràsákì wá. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, kò sì níṣẹ́ míì lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fìlà nu ojú. Ó ní, "Àǹtí, mi ò fojú di wọ́n. Ọrùn mi ni ò yí. Bàbá ti kọ́ ọrùn mi." Ó ní bí wọ́n bá pe òun padà, tí wọ́n ní kí òun máa yíjú kí èèyàn nídìí ayùn, òun á ṣe é, nítorí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo mọ̀ pé tí Ràsákì bá yíjú, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á yíjú, iṣẹ́ tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe á sì parí síbẹ̀.

Mo lọ bá Àlájì nílé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún wọn nípa obìnrin ẹbu, mo sọ ti ilé búrẹ́dì. Wọ́n gbọ́ mi tán, n ò parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì yìí, ẹ rọra o. Tá a bá ní kí ọmọ má kí àgbà níbi iṣẹ́ lónìí, lọ́la ẹ ó ní kó má kí wa nílé. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ìgbéraga wọn ni wọ́n sọ di òfin." Inú bí mi, Bàbá, ó bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, wọ́n sì jù mí lọ. Mo ní ẹ ṣeun, sà, mo dìde, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn délé kí ara mi lè rọ̀.

Mo wá ronú pé ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò lè bá mi ṣàlàyé. Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ Bàbá Lámídì. Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ̀bà. Láti kékeré ni mo ti ń rí i pé òsì ni wọ́n fi ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni kì í bá wọn wí sí i, mi ò sì bèèrè rí. Mo sọ ohun tí Àlájì wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. Wọ́n ní, "Ìgbéraga? Ọmọ, ta lo rò pé mò ń kí lọ́jọ́ tí ayùn mú mi?"

Ẹ̀yin ni, Bàbá.

Wọ́n ní sọ́míìlì ọ̀gá yín lẹ ti jọ kọ́ṣẹ́, ẹ sì ti gbòmìnira ṣáájú wọn. Ẹ lọ sí ìdálẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọdún Iléyá ló kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ wá kí wọn, ẹ wọ agbádá funfun tuntun. Wọ́n ní bí àwọn ṣe rí yín lẹ́nu ọ̀nà, inú àwọn dùn, àwọn sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nídìí ayùn tó ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn. Wọ́n na ọwọ́ náà sí mi, wọ́n ní, "Èmi dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ mi ò bá mi dọ̀bálẹ̀." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀yìn yín ni ẹ pọ̀n wọ́n sí dé ọsibítù, agbádá yẹn ò sì ṣe é fọ̀ mọ́. Wọ́n ní ìgbà tí ẹ dá sọ́míìlì tiyín sílẹ̀, kí ẹ tó ra ayùn, bẹ́ǹṣì lẹ kọ́kọ́ kàn, ẹ wá pè wọ́n, ẹ ní ibẹ̀ ni ìjókòó wọn.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Ṣé ẹ rò pé a ó ní ẹ̀yin lẹ gbé àjálù wá bá wọn ni? Àbí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe Bàbá Lámídì ní aláìbìkítà, lẹ bá fara mọ́ ọn kí wọ́n pe ẹ̀yin ní agbéraga? Èyí ni ọkàn mi gbà jù. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí bí ọ̀gá ṣe yẹ kó máa ṣọ́ ẹ̀mí òṣìṣẹ́, mo sì fẹ́ràn àwọn ìwé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń kà wọ́n, fìlà yín tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú oòrùn ni mò ń rí. Mo fẹ́ràn yín, Bàbá. Mi ò rò pé mo sọ ọ́ rí lójú yín, torí a kì í sọ ọ́ nílé wa.

Èmi àti Bàbá Lámídì jọ lọ bá Àlájì. Wọ́n kàn na ọwọ́ ọ̀tún ni, Àlájì sì dì í mú kí wọ́n tó wò ó. Bàbá Lámídì ò sì gba ọwọ́ náà padà. Bí Àlájì ṣe dì í mú nílẹ̀ yẹn ni wọ́n sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn ń jà fún bẹ́ǹṣì, àwọn kàn fẹ́ kí ọmọ tó ń kí Àlájì lónìí lè na ọwọ́ tó pé sí wọn lọ́la. Àlájì rọra fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ní ṣé a ó mu mínírà. A mu ún, a dúpẹ́, a sì lọ. Wọn ò dárúkọ Ràsákì. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́, Bàbá Lámídì sì ń fi ọwọ́ yẹn gbá mi lẹ́jìká.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń bọ̀ láti Ilé-Ogbó, mo gba iwájú sọ́míìlì kọjá. Mo gbọ́ ohùn ayùn. Ọkọ̀ Àlájì wà níta. Mo ní kí oní-kẹ̀kẹ́ sọ̀ mí kalẹ̀. Bàbá, bẹ́ǹṣì tuntun ló wà lẹ́nu géètì, igi rẹ̀ ṣì ń rùn. Bàbá Lámídì jókòó lórí rẹ̀, Àlájì jókòó tì wọ́n, wọ́n kó agbádá wọn jọ sórí itan, òógùn bò wọ́n. Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Àlájì na ọwọ́ sí mi kíákíá, wọ́n ní, "Ọmọ Má-kí-mi, dúró. Ayùn ń ṣiṣẹ́."

Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí ayùn dákẹ́, Àlájì dìde, wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n wọlé. Ràsákì sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú pákó, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Àlájì fà á dìde. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Bàbá Lámídì ń wò wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì, wọ́n kàn ń mi orí ni. Ìyàwó Ràsákì ti bímọ, obìnrin ni, àlàáfíà sì ni wọ́n wà.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwádìí mi. A kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nítorí náà "ilé ìlagi kan" ni mo pè yín níbẹ̀. Ẹ má bínú.

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, wọ́n ti sin yín kí ọkọ̀ mi tó wọ Ìwó. Ilẹ̀ tútù ni mo bá, mi ò rí yín kí, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà yẹn wá. Ìgbà tí mo kúrò ní sọ́míìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yìnkùlé wa, níbi sàréè yín, ni mo lọ tààrà. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ ìwé yìí parí lónìí. Mo ti dúró títí, Bàbá, bí ẹ ṣe kọ́ wa.

Ayùn ti dákẹ́ báyìí. Gbogbo ọwọ́ pé. Mo kúnlẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó dúró lẹ́nu géètì.